Fúnmi, Kì í Ṣe Kápúsù Ló Gbé Ọ Dìde

Fúnmiláyọ̀, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti kó yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n lè ráyè gbé ìgúnpá lé e. Ká ní orí fóònù la ti ń sọ ọ́ ni, wàá ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu báyìí: "Màámi, mò ń bọ̀, ẹnì kan ń pè mí." Mo sì mọ ẹni tó ń pè ọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú bírò. Lẹ́tà kì í gbọ́ "mò ń bọ̀."

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wà lọ́rùn mi, ká lè ráyè sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Mò ń jowú. Láti ìgbà tó o ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní Àpápá, tó o sì kó lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé obìnrin yẹn ní GRA, orúkọ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Mọ́mì ní kí n máa sùn lápá òsì. Mọ́mì ní ìrẹsì kò dáa lálẹ́. Mọ́mì ní omi gbígbóná ni kí n máa mu. Èmi tí mo bí ọ, Màámi ni mò ń jẹ́. Obìnrin tó gbà ọ́ sílé, tó ń ta kápúsù fún ọ, òun ló wá ń jẹ́ Mọ́mì. Mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín orúkọ méjèèjì, àfi pé tirẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá Ẹfẹ tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sáré wọlé, ó gbé fóònù sí mi níwájú. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, come see your pikin. She don turn pastor."

Mo wò ó. Ìwọ náà ni. O dúró nínú ọgbà obìnrin yẹn, o di gbohùngbohùn mú, àwọn èèyàn jókòó sórí àga funfun. O ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́dún tó kọjá, mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń sunkún láìnídìí. Màá wọ yàrá, màá gbàgbé ohun tí mo wá mú. Irun mi ń já sínú kóòmù. Kápúsù tí Mọ́mì fún mi yìí ló gbé mi dìde. Ọpọlọ mi jí, inú mi dùn, ẹ̀jẹ̀ mi pé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà dìde, ó dì mọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn rẹ. Mo ní kí Màmá Ẹfẹ dá a padà sẹ́yìn, kí n tún un wò bóyá ojú mi ló ṣì í. Ojú mi ò ṣì í.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, ẹ̀pà ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Ta lo wá fẹ́ kó dárúkọ?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Kó dìde láàárín àwùjọ, kó ní ẹ̀dọ̀ tí ìyá òun sè ló wo òun sàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló burú ńbẹ̀?"

Ó ní, "Ìyá Fúnmi, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ń jowú orogún, ìwọ ń jowú kápúsù." Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Mi ò tètè gbá a lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni, mi ò ní kọ lẹ́tà. Màá kàn dì í sínú, bí mo ṣe ń di àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n o wá sílé ní Sátidé. O gbé ike kápúsù kan wá fún mi, mo dúpẹ́, mo gbé e sórí fìríìjì. Kò pẹ́ tó o jókòó, o rán ọmọ Màmá Ẹfẹ pé kó bá ọ ra píọ́ wọ́tà, kó jẹ́ èyí tó ti dì. O fi eyín ya ọ̀rá rẹ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í rún yìnyín. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni pé orí eyín tèmi ni. O jẹ ẹ́ tán, o tún rán an.

Àjíkẹ́, ṣé o ti gbàgbé? Lọ́dún tó kọjá, kí á tó mọ ohun tó ń ṣe ọ́, bó o ṣe ń jẹ yìnyín nìyẹn. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wò ọ́ lójú, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ, ó wá bi ọ́ pé, "Àǹtí, ṣé yìnyín máa ń wù yín í jẹ?" Èmi àti ìwọ wo ara wa. Ó ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó bẹ́ẹ̀, pé irin tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti gbẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, òótọ́ ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fún ọ, wọ́n sì ní kó o máa padà wá kí wọ́n lè máa wo bó ṣe ń gòkè sí.

Ní Sátidé yìí, mo bi ọ́ bóyá o ṣì ń lo oògùn náà. O ní, "Màámi, mo ti pa ìyẹn tì. Mọ́mì ní gbogbo ẹ̀ ló ti wà nínú kápúsù."

Mo ní, "Àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó o padà wá ṣe ńkọ́?"

O ní, "Ara mi ti le. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò?" O sì tún gé yìnyín jẹ.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ tún ti ń lọ sílẹ̀, tí ìwọ sì ń jẹ́rìí pé ó pé. Mo fẹ́ kó o lọ ṣe àyẹ̀wò. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù, ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ni.

Èkíní. Ohun pupa kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo lóyún rẹ, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Olódì. Òòyì máa ń kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tó, kí n máa po mọ́ọ́tì mọ́ mílíìkì, kí n sì bu tòmátò alágolo sí i kó lè pọ́n dáadáa. Mo mu ún títí ara mi fi ń rùn bí ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo dákú sórí ìlà ní ibi ìtọ́jú aláboyún. Nígbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí pé, "Ìyáwó, kí lẹ ń jẹ?" Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa mu ú?" Mo ní ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ẹ ò bá kúkú máa mu epo pupa." Gbogbo orí bẹ́ǹṣì ló rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nítorí náà, mi ò bú ọ pé o gba ohun tí wọ́n sọ fún ọ gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o má fi àwọ̀ ra oògùn, má fi orúkọ rà á, má sì fi ẹ̀rí rà á. Gbé ike náà gan-an lọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, kó bá ọ kà á. Ó lè ní irin nínú, ó lè má ní. Ó lè ní, kó má sì tó fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo ka èyí tó o fún mi, orúkọ ewé ni mo rí, ewé ilẹ̀ ibòmíràn. Mi ò lè sọ pé ó dáa, mi ò lè sọ pé kò dáa. Mi ò mọ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ náà lè sọ lẹ́nu nìyẹn.

Èkejì. Bí a ṣe ń gbé oògùn mì ṣe pàtàkì bí oògùn náà. Èyí ń dùn mí di òní. Oṣù àkọ́kọ́ tó o fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀, èmi ni mò ń po tíì fún ọ láràárọ̀, mílíìkì kún inú rẹ̀, mo ń dúró tì ọ́ kó o fi gbé e mì. Mo rò pé ìkẹ́ ni. Nígbà tí a padà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ò gòkè. Nọ́ọ̀sì ní tíì àti mílíìkì máa ń di irin náà lọ́wọ́, kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ó ní omi ni kó o fi lò ó, tàbí omi ọsàn, kí tíì jìnnà sí i. Mo bínú sí ife yẹn bí ẹni pé èèyàn ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bó ọsàn fún ọ, láti ìgbà yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mọ́mì kò tíì mọ̀ ọ́ nígbà náà. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Bí oògùn náà bá sì ń dà ọ́ nínú rú, tàbí ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, èyí tí mo fura pé ó jẹ́ kó o sá fún un, sọ fún wọn. Wọ́n lè yí i padà, wọ́n lè sọ bí wàá ṣe lò ó tí kò fi ní yọ ọ́ lẹ́nu. A kì í torí pé bàtà ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ ká wá máa rìn lórí ìgò.

Lórí oúnjẹ ńkọ́. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ọpọlọ pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ẹja ṣàwá tó o máa ń sá fún nítorí egungun. Nọ́ọ̀sì yẹn kan náà ló ní epo tó wà lára irú ẹja bẹ́ẹ̀ dáa fún ọpọlọ àti ọkàn. Mọ́mì rẹ ń ta epo ẹja nínú kápúsù. Ẹja náà fúnra rẹ̀ wà ní ọjà Bọ́ńdàrì, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo mọ̀ pé mo ti ń jowú padà. Jẹ́ kí n jowú díẹ̀. Oṣù mélòó ni mo fi ń gbé kúlà oúnjẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Ajégúnlẹ̀ wá sí ẹnu géètì ọ́fíìsì rẹ, tí ọlọ́dẹ ń pè mí ní Ìyá Kúlà? Nígbà tó o kó lọ sí GRA, kúlà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé pẹ̀lú oúnjẹ nínú. O ní Mọ́mì po nǹkan kan fún ọ láàárọ̀, pé o ti yó. Mo máa ń da ẹ̀wà náà sínú abọ́ bàbá rẹ. Kò mọ̀ pé àjẹkù ni, má sọ fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ nítorí owú. Oúnjẹ mi náà kì í ṣe idán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀dọ̀ nìkan yóò pẹ́ kó tó gbé e dìde. Oògùn ilé ìwòsàn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, oúnjẹ mi ràn án lọ́wọ́. Wọ́n sì tún ní kí á wádìí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, bóyá nǹkan oṣù rẹ tó máa ń pọ̀ jù ni. A ò tíì wádìí ìyẹn títí dòní. Kò sí kápúsù tó lè bá wa wádìí ẹ̀.

Ó tún ku èyí. Lọ́jọ́ tí mo rí fídíò yẹn, mo lọ sí kẹ́míìsì. Mo fẹ́ ra fítámì oríṣiríṣi fún ọ, kí tèmi lè ju ti Mọ́mì rẹ lọ. Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì bi mí pé kí lo ń lò tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀. Ó ní, "Màámi, bí ẹ bá dà á lé ara wọn, òmíràn wà tí ara kì í tètè tú dànù, inú ẹ̀dọ̀ ló máa ń kó sí. Irin pàápàá, bó bá pọ̀ jù, májèlé ni." Owú gbé mi lọ, ìtìjú gbé mi padà. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, Fúnmi. Má gba tèmi, kó o gba tirẹ̀, kó o wá gbé méjèèjì mì kí inú ẹnikẹ́ni má bàa bà jẹ́. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré lo ti máa ń jẹun nílé méjì nítorí pé o ò fẹ́ sọ pé o ti yó.

Nípa ti inú bíbàjẹ́. Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé, má wo nọ́ńbà. Ẹkún tó ò ń sun lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà náà, o ń sé ara rẹ mọ́lé, oòrùn kì í kàn ọ́. Ara tí kò sùn, tí kò rìn, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sí ohun tá a fún un jẹ tí yóò tó o. Bí ẹkún yẹn bá tún dé, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ sì pé, sọ fún dókítà pé ọkàn rẹ ló wúwo. Má tijú. Ìtọ́jú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, kì í ṣe nínú ìkòkò mi, kì í sì í ṣe nínú ike ẹnikẹ́ni.

Níbí ni mo ti máa sọ ohun tí mi ò sọ fún bàbá rẹ. Mo tún fídíò yẹn wò lẹ́yìn náà, Màmá Ẹfẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo rí i bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èmi bọ́ ọ, ṣùgbọ́n èébú ni mo fi ń ti oúnjẹ náà sí ọ lẹ́nu. "Jẹun, ọ̀lẹ. Gbé ṣíbí sókè. Ṣé èmi ni mo lé ọ níbi iṣẹ́ ni?" Ìbẹ̀rù ló ń bú ọ, kì í ṣe èmi, àmọ́ ìwọ ò lè mọ̀. Obìnrin yẹn bá ọ rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ọ́ láǹfààní ju kápúsù rẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kápúsù, mo lè bá a jà. Ẹ̀rín, kí ni mo fẹ́ fi bá a jà?

Ohun kan ṣì kù nípa ẹ̀rí tó o jẹ́. Màmá Ẹfẹ bi mí pé, "Abeg, which one she drink? My sister get BP." Mo ní kó ṣì ní sùúrù, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un sílẹ̀. Ohùn rẹ dùn, ọmọ mi, àwọn èèyàn gbà ọ́ gbọ́. Má fi ohùn yẹn ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí o kò tíì yẹ̀ wò.

Wàyí o. Mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ bá mi lọ sí ilé ìwòsàn. O ní mo máa ń bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ jù, pé mo ń sọ ọjọ́ orí rẹ fún gbogbo ènìyàn. Ó dáa. Mo ti rò ó, ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀. Bó bá jẹ́ Mọ́mì rẹ lo máa gbà láti bá lọ, bá a lọ. Kó fi mọ́tò rẹ̀ gbé ọ. Kó jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ pé, màá bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, màá sì gbé kápúsù orí fìríìjì yẹn mì lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò pé, má wá sọ fún mi pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣáà bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí òun jẹ́ ẹni tó mú ọ lọ kí ara rẹ le, ju kí èmi jàre kí ìwọ sì dákú síbi iṣẹ́.

Lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Fi ẹ̀dà èsì ránṣẹ́ sí mi, kódà bí o kò bá kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gún ọ lábẹ́rẹ́, tó o bá ń wá ibi tí wàá gbé ojú sí, má gbé e sí àyà Mọ́mì rẹ. Wo ògiri.

Èmi ni ìyá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo.